Pánẹ́ẹ̀lì Tí Àwọn Ọmọ Wa Yóò Fi Ọwọ́ Ara Wọn Yà
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ohun kékeré létí àwọn tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ oyè àti ẹjọ́ ilẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Síbẹ̀, nínú irú ohun kékeré bẹ́ẹ̀ ni a ti ń mọ orílẹ̀ tí yóò máa dá ọgbọ́n, àti èyí tí yóò kàn máa ra ọgbọ́n ẹlòmíràn lọ́jà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá tú ẹ̀yìn rédíò, yóò rí pátákó pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀, aláwọ̀ ewé lọ́pọ̀ ìgbà, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ojú rẹ̀ bí ipa èèrà. Òun ni àwọn atúnrédíòṣe wa ń pè ní pánẹ́ẹ̀lì. Bàbà ni àwọn ilà náà, àwọn ni ó sì ń gbé iná láti ẹ̀yà kan dé òmíràn. Ní ọdún 1936 ni Paul Eisler, ọmọ ìlú Vienna tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe rédíò tí ó ní irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Kí ọgbọ́n yìí tó gbilẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń so wáyà rédíò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. A óò lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ojú pátákó tí a fi òwú gíláàsì àti oje líle ṣe. A óò bo ibi tí a fẹ́ kí bàbà kù sí. A ó sì fi oògùn jẹ ìyókù kúrò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nípọn tó mìlímítà 1.6, bàbà orí rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 0.035 lọ.

Ìdí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fi wọ́n fún ẹni tí ó fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo kò ṣòro láti mọ̀. Pátákó ńlá ni ilé iṣẹ́ ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń gé e sí kéékèèké. Wàhálà ìpalẹ̀mọ́ kò dín kù nítorí pé ọ̀kan péré ni ènìyàn fẹ́. Nítorí náà ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ro nǹkan tuntun fi ń padà sí ìdí wáyà tí ó lọ́ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn kan ti bọ́ nínú ìṣòro yìí. Ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ti Amẹ́ríkà, àwọn tí ń fi iṣẹ́ yìí ṣe ìgbádùn ara wọn, tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní DorkbotPDX, kó àwòrán wọn jọ sí ojú pátákó ńlá kan. Wọ́n pín owó rẹ̀ san, a gé pátákó náà, olúkúlùkù sì gba tirẹ̀. Láti inú ètò yìí ni OSH Park ti jáde, èyí tí a fi pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ elése-àlùkò mọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dọ́là 5 ni wọ́n ń gbà lórí àwòrán tí ó jẹ́ ínṣì kan níbùú, ínṣì kan lóòró, ẹ̀dà 3 ni wọ́n sì ń fún ènìyàn.

Ta ni nínú wa tí yóò sọ pé ọgbọ́n yìí ṣàjèjì? Àwọn Mùsùlùmí àárín wa mọ̀ pé ènìyàn méje lè pín màlúù kan ní ọjọ́ Iléyá, bí apá ẹnì kan kò bá tilẹ̀ ká a. Àwa Kristẹni náà ń dáwó ra màlúù ní Kérésìmesì. Ohun tí a ń ṣe nídìí ẹran ni àwọn ará Portland ṣe nídìí pánẹ́ẹ̀lì.

Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ti mú owó náà wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. JLCPCB ti polongo ẹ̀dà 5, tí kò ju mìlímítà 100 níbùú lóòró, ní dọ́là 2. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yìí tàn yín jẹ: owó tí ń gbé ẹrù kékeré láti Shenzhen dé ọ̀dọ̀ wa a máa pọ̀ ju owó ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ. Nínú owó ìfiránṣẹ́ yìí ni àjọṣe wa yóò ti ní èrè jù lọ.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń ṣòfò. Ilé iṣẹ́ kò mọ èrò ọkàn ènìyàn. Àwòrán ni ó mọ̀. Bí ilà kan bá ṣìnà, gbogbo ẹ̀dà ni yóò ṣìnà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò sì kọjá kí a tó mọ̀. KiCad, tí Jean-Pierre Charras ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó ní kọ̀ǹpútà, ó sì ń tọ́ka àṣìṣe tí ó bá rí. Kí ọmọ náà tún tẹ àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí ó sì gbé àwọn ẹ̀yà lé e lórí. Áísì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ara wọn ní mìlímítà 2.54 kò ní wọ ihò tí a fi ojú díwọ̀n.

Àwọn kan yóò béèrè pé, èé ṣe tí a kò fi dúró títí àwa náà yóò fi ní ilé iṣẹ́? Ìdáhùn wa ni pé fífi oògùn jẹ bàbà kọ́ ni olórí ọgbọ́n inú iṣẹ́ yìí. Yíya àwòrán ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ àtúnṣe fóònù dáadáa, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yẹ fún ìyìn. Ṣùgbọ́n pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tún ṣe, àwòrán ẹlòmíràn ni. Ẹni tí kò tíì ya tirẹ̀ rí kò ní mọ ohun tí yóò ṣe nílé iṣẹ́, bí a tilẹ̀ kọ́ ọ fún un.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ lọ́wọ́ Ẹgbẹ́. Èkíní, kí a máa gba àwòrán láti àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan. Èkejì, kí a yan olùkọ́ méjì tí yóò yẹ̀ wọ́n wò kí a tó fi owó ránṣẹ́, kí a sì fi gbogbo wọn ránṣẹ́ nínú ẹrù kan. Ẹ̀kẹta, nítorí pé ilé iṣẹ́ a máa fi ọ̀dà funfun tẹ ọ̀rọ̀ sójú pánẹ́ẹ̀lì, kí a fi èdè Yorùbá kọ ọ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀: ibi tí iná ń gbà wọlé, ibi tí ó ń gbà jáde, àti orúkọ ọmọ tí ó yà á.

Owó tí a ó ná lórí ìdìpọ̀ kan kò lè tó owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo. Ẹ̀yin olóyè wa, ẹ bá wa gbé e. Kí Ọlọ́run fi ọgbọ́n sí ọwọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.