Kí Katapílà Tó Dé: Ọ̀rọ̀ lórí Òfin àti Ohun Tó Wà Nínú Ilẹ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ọ̀fà)

  

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tó kan ìlú. Òfin àti ohun àlùmọ́ọ́nì ilẹ̀ wa ni mo mú. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa wí nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ṣé Ọ̀fà ní epo ni?" Ẹ jọ̀ọ́, epo nìkan kọ́ ni ohun àlùmọ́ọ́nì. Ní Kwara tiwa yìí, mábù wà ní Òrèkè, wúrà wà ní ìhà Kaiama. Àpáta tí wọ́n ń fọ́ fi kọ́lé, àti yanrìn pàápàá, òfin kà wọ́n mọ́ ọn.

Ta ló wá ni wọ́n? Ẹ má tíì dá mi lóhùn o, torí ohun tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa kọ́ ló wà nínú ìwé. Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 44, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà ní Nàìjíríà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí ìdílé kan tiẹ̀ ti ń dáko síbì kan láti ayé Ọlálọ̀mí, bí wọ́n bá bá wúrà níbẹ̀, Àbújá ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì. Nínú owó tó bá wọlé, ó kéré tán, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún gbọ́dọ̀ padà síbi tí wọ́n ti wà á. Àpò ìpínlẹ̀ ló ń gbà lọ o, kì í ṣe àpò ìlú.

Ṣé ká kàn máa wòran ni? Rárá o. Òfin ìwakùsà ti 2007 fi nǹkan mẹ́ta lélẹ̀ fún àwa ará ìlú.

Èkíní, wọn ò gbọdọ̀ fúnni ní láísẹ́ǹsì lórí ibi tí ìlú tàbí abúlé wà, tàbí ọjà, tàbí itẹ́ òkú, tàbí ibi tí a kà sí ibi mímọ́. Wọn ò gbọdọ̀ sún mọ́ ojú irin rélùwéè, ìdídò omi, títì tàbí ilé ìjọba ju mítà 50 lọ. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀fà tí rélùwéè gba ìlú yín kọjá, ṣé ẹ gbọ́?

Èkejì, kí ẹni tó gba láísẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe àdéhùn tí a kọ sílẹ̀: iṣẹ́ fún àwọn ọmọ ìlú, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, omi, ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọn ó máa tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó ń fọ́ òkúta lásán pàápàá ò yọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìgbìmọ̀ kan wà fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, MIREMCO ni wọ́n ń pè é, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi tí ìwakùsà bà jẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Òfin epo ti 2021 dárúkọ iye: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ilé-iṣẹ́ fi ṣiṣẹ́ lọ́dún tó kọjá gbọ́dọ̀ lọ sí àpò ìdàgbàsókè àwọn ìlú tí wọ́n ti ń wa epo. Òfin 2007 tó jẹ mọ́ wúrà àti òkúta kò dárúkọ iye kankan. Ohun tí ìlú bá dúnàádúrà rẹ̀ ló máa rí gbà. Bí ẹni tó jókòó fún wa kò bá lè ka ohun tó ń fọwọ́ sí ńkọ́? Bó bá ti gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ kó tó jókòó ńkọ́? Òfin ò ní í ràn wá lọ́wọ́ mọ́, torí ìwé ti wà nílẹ̀, ọwọ́ wa ló sì wà nínú ẹ̀.

Bí ìlú bá dúró dìgbà tí inú bá bí àwọn ọ̀dọ́, ó máa ń pẹ́ jù. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó lé ní 100 lọ sí ibùdó epo Chevron tí wọ́n ń pè ní Parabe, lójú òkun Ìpínlẹ̀ Òndó. Iṣẹ́ ni wọ́n ń bèèrè, àti owó gbà-máà-bínú fún omi wọn tó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 28, hẹlikópítà gbé àwọn ológun dé, ọ̀dọ́ méjì sì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà ní 1999. Oṣù Kejìlá 2008 ni ìdájọ́ tó jáde, Chevron ló sì jàre. Mi ò wí pé kóòtù ò dáa o. Ohun tí mò ń wí ni pé kóòtù ò lè jí òkú.

Níbi tí kò ti sí láísẹ́ǹsì rárá ńkọ́? Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà sọ omi rẹ̀ di pípọ́n, omi tó ń ṣàn kọjá igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní 2022, ìkìlọ̀ ni wọ́n ń ṣe fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu omi náà. Ẹ wo Bódìjà ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní 2024. Gómìnà Mákindé sọ pé ohun abúgbàmù tí àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ kó sínú ilé ló bú. Èèyàn kú, ó lé ní 70 tó fara pa. Iye ilé tó wó ò ṣeé fẹnu sọ.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ ká sọ pé àjèjì nìkan ló ń ṣe é. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ọ̀dọ́ tó ń walẹ̀ ń wá oúnjẹ ni. Òfin gbà á láyè kó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù awakùsà, kó forúkọ sílẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́ ní gbangba. Ta ló sọ fún un?

Ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìjàkadì ni Ọ̀fà. Nínú ìjàkadì, gbangba ni wọ́n ń jà, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, gbogbo ayé ló rí i, ìbáà ṣe ọmọ ọba. Kí òfin jọba ò ju ìyẹn lọ. Ohun tí à ń ṣe ní kọ̀rọ̀ ni kò dáa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ká yan lọ́yà kan, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ kan àti olùkọ́ kan láàárín wa, kí wọ́n kọ̀wé sí Mining Cadastre Office, kí wọ́n bèèrè láísẹ́ǹsì tó wà lórí ilẹ̀ agbègbè wa. Òfin tó fún ará ìlú láǹfààní láti bèèrè ìròyìn lọ́wọ́ ìjọba, ti 2011, ní kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ méje. Lẹ́yìn náà, kí àdéhùn kankan má di fífọwọ́sí láìjẹ́ pé a kà á sókè ní èdè Yorùbá níwájú ìlú, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní láìbìrì ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ kọ́ wa ní ìṣirò, ẹ kì í fún wa ní máàkì bí a kò bá fi bí a ṣe dé ìdáhùn hàn. Ẹ jẹ́ ká fi ojú yẹn wo ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti àwa fúnra wa. Ẹ̀kẹta, bí òkúta bá wà lójú ààlà, ká pe ìlú tó múlé tì wá kí ọwọ́ tó kan ìwé. A mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ààlà ti dá sílẹ̀ ní agbègbè yìí.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìlú ló rán wa níléèwé, ká jókòó fún un níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé.