Èéfín Alábà àti Ìlera Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀ràn májèlé tí ń bẹ ní àyíká wa ni a fẹ́ bá yín sọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọjà Alábà ní agbègbè Ọ̀jọ́ wa. Ọjà náà ń bọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé, a kò sì bá a ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network ti Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní Èkó, wọ́n sì ròyìn pé, nínú 100 ẹ̀rọ àlòkù tí ń ti òkè òkun wọlé, èyí tí kò ṣeé tún ṣe lè tó 75. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a ń fọ́, tí a sì ń dáná sun wáyà wọn nítorí bàbà. Òjé, mercury àti cadmium, àwọn irin olóró, ń bẹ nínú wọn. Ike ara wáyà pẹ̀lú, bí ó bá ń jó, a máa tú májèlé tí à ń pè ní dioxin jáde.

Àwọn onímọ̀ sábà máa ń wọn májèlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì pa ààlà tí kò gbọdọ̀ kọjá fún un. Ṣùgbọ́n májèlé kì í wọ ara ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó mí èéfín wáyà lọ́sàn-án, òun náà ni ó ń mí èéfín jẹnẹrétọ̀ lóru. Òjé àti mercury, ọpọlọ ni àwọn méjèèjì ń bá jà. Òjé àti cadmium, kíndìnrín ni wọ́n jọ ń dojú kọ. Bí ènìyàn méjì bá jọ ń lu ẹnìkan ní ojú kan náà, ta ni yóò ka pàṣán ẹnìkan ṣoṣo, kí ó ní kò tó ohun tí ń ṣeni léṣe?

Nígbà mìíràn, àpapọ̀ wọn a tilẹ̀ ju ìṣirò lọ. Ní ọdún 1979, Hammond àti Selikoff ròyìn nípa àwọn òṣìṣẹ́ asbestos ní Amẹ́ríkà. Asbestos nìkan sọ ewu ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró di ìlọ́po 5. Sìgá nìkan sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po 11. Ṣùgbọ́n ewu ẹni tí ó ní méjèèjì ju ìlọ́po 50 lọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ wa tọ àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó lọ, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1983 ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, kí wọ́n bá wa yẹ omi kànga, erùpẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wò fún gbogbo májèlé wọ̀nyí lápapọ̀. Èkejì, kí òbí má jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ibi tí a ti ń sun wáyà, kí wọ́n sì máa fún un ní ẹ̀fọ́ àti ẹja jẹ, nítorí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ara rẹ̀ a máa gba òjé sínú ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ará wa lẹ́yìn odi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ tí ó ti kú ránṣẹ́ sílé ní orúkọ ẹ̀bùn.

Ní ọdún 2010, ní Zamfara, òjé tí ó bá òkúta wúrà jáde pa ọmọdé tí ó lé ní 400. Ọ̀pọ̀ ti kú kí a tó mọ ohun tí ń pa wọ́n. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mú ẹkún sun. Ẹ jẹ́ kí a tètè bẹ̀rẹ̀. Ìlú Iba yóò máa gbèrú o.