Afẹ́fẹ́ tí ń Dé Ọpọlọ Ọmọ Tuntun
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Èbúté Mẹ́ta)

Ní ìpàdé tí ó kọjá, ẹ bi mí léèrè, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìtọ́jú ọmọ tuntun, bóyá ó yẹ kí á fi owó tí a dá jọ ra ẹ̀rọ tí ń wo ọ́síjìn inú ọpọlọ ọmọ fún ilé ìwòsàn ìlú wa. Ìdáhùn mi nìyí.

Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ó bá mí sóde tán, ẹ̀dọ̀fóró náà a fẹ́ lẹ̀ mọ́ra bí àpò òfìfo. Nítorí náà ni a ṣe ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò imú rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ wọlé. A ó sì ri ẹnu rọ́bà kejì bọ inú omi ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi náà bá ń hó, a mọ̀ pé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ wà ní ṣíṣí. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, gba Ẹ̀bùn Nàìjíríà fún Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní 2023 nítorí irú ẹ̀rọ ìmí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ ní ewu tirẹ̀. Ọ́síjìn tí ó kéré jù a máa ba ọpọlọ jẹ́. Èyí tí ó pọ̀ jù a máa fọ́ ọmọ lójú, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní òkè òkun ní àwọn ọdún 1940 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1950. Nítorí náà ni a ṣe ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Ìdá 90 sí 95 nínú 100 ni a ń fẹ́.

Ẹ̀yin ará Èbúté Mẹ́ta, ẹ mọ ọ̀rọ̀ Réluwé jù mí lọ. Bí ọkọ̀ ojú irin bá kó iṣu dé Ìdó, ìyẹn kò wí pé obìnrin tí ń dáná ní Òyìngbò ti rí iṣu gún. Bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ àti ọpọlọ rí. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ atẹ́gùn sí ọmọ nínú jù, ó lè gbá afẹ́fẹ́ àmísóde jáde kọjá ààlà, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ a sì fún. Ẹsẹ̀ yóò máa kà dáadáa, ọpọlọ yóò sì máa jìyà. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ kejì ṣe wà, tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí ni ó ń tàn gba egungun orí wọlé, èyí tí ó padà jáde ni ó sì ń jẹ́rìí. Jöbsis ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ayé ní 1977.

Ǹjẹ́ ó ń gba ẹ̀mí là bí? Ní 2023, a gbé àbọ̀ ìwádìí ńlá kan jáde lórí ọmọ 1,601 ní orílẹ̀-èdè 17, tí oyún wọn kò tó ọ̀sẹ̀ 28. Nínú àwọn tí a fi ẹ̀rọ orí ṣọ́, ìdá 35.2 nínú 100 ni ó kú tàbí tí ọpọlọ wọn bàjẹ́ gidigidi. Nínú àwọn yòókù, ìdá 34.0. Kò sí ìyàtọ̀ tí a lè tọ́ka sí. Ẹ̀rọ náà kò purọ́; ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ebi ń pa ọmọ yàtọ̀ sí mímọ ohun tí a ó fún un jẹ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí á má tíì ra ti orí. Ẹ jẹ́ kí á ra ti ẹsẹ̀, irú èyí tí ó bá ẹsẹ̀ ọmọ tuntun mu, tí ó sì ní bátìrì. Ẹ̀rọ yìí pàápàá kì í ṣe Ọlọ́run: ní 2020, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà rí i lára àwọn àgbàlagbà pé ó máa ń ka iye tí ó ga ju òtítọ́ lọ lára ẹni tí awọ rẹ̀ dúdú. Nítorí náà, kí á fi owó díẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, kí ojú wọn má ṣe kúrò lára ọmọ.

Ní òru ọjọ́ kan, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ mẹ́ta ni ó wà lórí ọ́síjìn, ẹ̀rọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni a ní. Mo ń tú u lára èkínní, mo ń so ó mọ́ èkejì, títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí a kò bá wò ni ó ń kú. Ẹ jẹ́ kí ti ìlú wa má rí bẹ́ẹ̀.

Kí Olúwa bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.