Kí Ni Ìtumọ̀ "Màléríà"?

Ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí. Òun ni màléríà, àìsàn tí àwa ń pè ní ibà.

Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìtálì ló ni ín. "Mala" ni burúkú. "Aria" ni afẹ́fẹ́. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, ó di "afẹ́fẹ́ burúkú." Inú èdè Látìn, tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń sọ, ni méjèèjì ti wá.

Kí ló dé tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀? Àbàtà pọ̀ lẹ́bàá ìlú Róòmù nígbà náà. Ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀, ibà kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ tó ń ti inú àbàtà jáde ló ń fà á.

Àwọn àgbà ní, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí sọmọ lórúkọ kí wọ́n tó wo ilé. Ní 1880, Laveran, dókítà ará Faransé, rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Ní 1897, Ross, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, rí kòkòrò náà nínú ikùn ẹ̀fọn. Abo ẹ̀fọn ló ń gbé ibà láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn. Omi àbàtà ni ẹ̀fọn ń yé sí. Afẹ́fẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ò yí padà mọ́.

Àwa náà ńkọ́? Ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, títí dé Bẹyẹrúnká, a ṣì ń gbọ́ ọ pé, "Oòrùn ló pa á, ló fi ń ṣe ibà." Ẹni tó bá ń sá fún oòrùn lọ́sàn-án kò ní rántí ẹ̀fọn lóru.

Torí náà, ẹ jẹ́ ká dí kòtò tí omi òjò ń dúró sí. Ká da omi inú agolo àti táyà nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ká máa sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi oògùn sí. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà a máa tètè pa ọmọdé.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí o.