Orí Òkè Kọ́ Ni Gbogbo Ìrìnàjò

Bóyá inú bọ́ọ̀sì lẹ ti ń gbọ́ mi o, bóyá ìdí abọ́ tí ẹ ń fọ̀ ni o, ẹ kú iṣẹ́. Lónìí, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa òkè àti ọ̀nà.

Àwa Kristẹni ilẹ̀ Yorùbá fẹ́ràn òkè. Tí nǹkan bá le, a di orí òkè. À ń wá iṣẹ́, à ń wá fisà, orí òkè ni. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ẹ̀. Ohun tí mò ń kíyè sí ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí iṣẹ́ ìsìn ṣe gbọ́dọ̀ máa rí lójoojúmọ́ nìyẹn: kí ara máa gbóná, kí omijé máa bọ́. Tó bá wá ku ká to àga, ká kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì, ká lọ wo aláìsàn, a ó ní iná ti kú, Ọlọ́run ti fi wá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa iṣẹ́ tì.

Ẹ jẹ́ ká wo Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ọdún 1904 ni wọ́n bí i ní Odò-Ọwá, tó wà ní ìpínlẹ̀ Kwara báyìí. Kó tó di wòlíì, ọ̀nà ló ń ṣe. PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì nígbà yẹn, ló bá ṣiṣẹ́, ó ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítòsí Ìkéjì-Aràkejì, ni ẹ̀rọ náà bá dúró, kò lọ mọ́. Níbi tó ti ń tún un ṣe ló sọ pé òun ti gbọ́ ohùn tó pe òun.

Ẹ ò rí i? Ẹ̀bá ọ̀nà ni ìpè ti bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó bàjẹ́.

Lóòótọ́, òkè wà nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòyè, ní Iléṣà, ogunlọ́gọ̀ èèyàn sì rọ́ wá. Lẹ́yìn ìyẹn ló dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ìlú tí òkè yí ká. Ṣùgbọ́n ní 1932, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló lọ ní Benin. Ọdún 1959 ló kú, ní Ẹdẹ. Ọdún 29 ló wà láàárín Òkè-Òòyè àti Ẹdẹ, ìrìn àjò láti ìlú dé ìlú ló sì gba èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀nà. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á gé ibi tó ga, wọ́n á fi dí kòtò, wọ́n á da òkúta sí i. Ẹ̀rọ á wá máa tẹ̀ ẹ́ lọ, á máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀, lójú ibì kan náà. Ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ yẹn lè má rí ìyàtọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ tí kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, òjò ló máa gbá a lọ. Nígbà tí Aísáyà náà ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà Olúwa ní orí 40, gígé òkè àti kíkún àfonífojì ló fi ṣàpẹẹrẹ. Díẹ̀ díẹ̀ leku ń jawọ, díẹ̀ díẹ̀ náà ni ọ̀nà ń là.

Ọ̀rọ̀ kan kù o. Ẹ̀rọ ayé ìgbà náà, omi gbígbóná ló fi ń rìn. Tí omi bá tán, ó parí. Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti Mọ́ńdè di Sọ́ńdè, tí ẹ ò sùn, tí ẹ ò ráyè jẹun, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún àwọn aṣáájú yín pé ó ti rẹ̀ yín. Ìsinmi kì í ṣe ìfàsẹ́yìn. Ìyẹn gan-an ni òkè wà fún: ẹ lọ pọnmi, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ mú iṣẹ́ kan tó ti sú yín níbi tí ẹ ti ń sin Ọlọ́run. Ẹ má bi ara yín pé, "Ṣé ara mi ṣì ń gbóná?" Ẹ bi í pé, "Ta ló ń gba ọ̀nà yìí kọjá?" Tí ẹ bá rí ẹnì kan ṣoṣo, ẹ tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọlọ́run á fún wa lókun. Ó dìgbà kan ná.