Purotéènì Tó Ń Kọ́ Eyín, Tí Kì Í Gbé Inú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ eyín ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́. Èèpo funfun tó bo eyín lórí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, torí kò sí ohun tó le tó o nínú ara ọmọ èèyàn. Bí a bá wọ̀n ọ́n, ìdá 96 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì tó ti dì gbagidi, èyí tí à ń pè ní kírísítálì. Purotéènì inú rẹ̀ kò tó ìdá 1. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, purotéènì ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun ló sì pín ààyè fún ìyókù.

Kí eyín tó yọ, nígbà tó ṣì wà nínú àgbọ̀n, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí à ń pè ní ameloblast tò sí orí rẹ̀. Wọ́n á da purotéènì sílẹ̀, wọ́n á sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á tún dà á. Lóòjọ́, ibi tí wọ́n ń sún dé kò ju nǹkan bí ìdá 4 nínú 1,000 ti mìlímítà kan lọ. Nínú ohun tí wọ́n ń dà, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ló jẹ́ ẹ̀yà kan ṣoṣo, amelogenin.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí amelogenin yìí. Apá tó pọ̀ jù lára rẹ̀ kì í fẹ́ bá omi da nǹkan pọ̀. Ìrù rẹ̀ nìkan, tí kò gùn, ló fẹ́ràn omi. Nínú omi tó kan díẹ̀, tó ní ásíìdì, kálukú wọn á máa dá lọ. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ti ń sún mọ́ bí omi ara ṣe rí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Ẹni tó bá ti ro epo pupa mọ́ omi rí, tó wá fi í sílẹ̀, mọ ohun tí mò ń wí: ẹ̀kán epo á máa wá ẹ̀kán ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri. Kò sí ẹni tó ń darí wọn. Àwọn díẹ̀ á kọ́kọ́ ṣù pọ̀, ìṣù kékeré á bá kékeré pàdé, yóò wá di róbótó, ìrù wọn á kọjú síta. Bí a bá pín mìlímítà 1 sí ọ̀nà mílíọ̀nù 1, nǹkan bí 20 sí 40 nínú rẹ̀ ni ìbú róbótó kan.

Ní 1995, Alan Fincham, Janet Moradian-Oldak àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ síta pé àwọn rí róbótó yìí nínú èèpo eyín ẹranko tó ṣì ń dàgbà. Ní 2005, Moradian-Oldak àti àwọn mìíràn fi hàn nínú ìwé àtìgbàdégbà Science pé, nínú ìgò, àwọn róbótó náà lè tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ títí wọ́n á fi di ọ̀já, kírísítálì sì ń hù tọ gígùn ọ̀já náà. Ibi tí ìjà wà rèé: ṣé róbótó ló ń kọ́ èèpo eyín, àbí ọ̀já? Stefan Habelitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco rí i pé bí kálísíọ́ọ̀mù àti fọ́sífétì bá wà nínú omi, amelogenin lè di ọ̀já tín-ínrín, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 17 ní ìwọ̀n tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ọ̀já ló wọ̀ mí létí jù, torí kírísítálì èèpo eyín pàápàá gùn, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ ohun tí a rí nínú ìgò kì í ṣe ẹ̀rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àgbọ̀n. N kò ní í bá ẹnikẹ́ni búra lórí rẹ̀.

Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé purotéènì yìí gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹ́ńsáìmù MMP-20 ló ń gé e, ìrù ló sì máa ń tètè gé. Ẹ́ńsáìmù mìíràn, KLK4, á wá jẹ ìyókù wómúwómú, kírísítálì á gbilẹ̀ sí ààyè tó ṣófo. Bí KLK4 bá ní àléébù, èèpo náà á nípọn bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n á rọ̀. Bó bá jẹ́ jíìnì amelogenin ló ní àléébù, èèpo lè tinrin, kí eyín sì pọ́n. (Ẹ̀yin òbí, ẹ má tìtorí rẹ̀ bú ọmọ pé kò fọ ẹnu.) Bí eyín bá sì ti yọ, àwọn ameloblast ti kú tán nìyẹn, èèpo tó bá lọ ti lọ.

Síbẹ̀, díẹ̀ nínú purotéènì náà máa ń há sáàárín kírísítálì. Jíìnì amelogenin kan wà lórí kúrómósómù X, èkejì rẹ̀ tó jọ ọ́ wà lórí Y tí ọkùnrin máa ń ní. Àwọn tó ń hú egungun àtijọ́ máa ń fi ásíìdì fọ èèpo eyín fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á wá ègé purotéènì inú rẹ̀. Bí wọ́n bá rí ti Y, ọkùnrin ló ni eyín. Bí wọn ò bá rí i, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí wọ́n tó pè é ní obìnrin, torí ti Y kéré púpọ̀ sí ti X, ó sì lè ti jẹrà tán.