Òǹkọ̀wé Ìtàn Ìfẹ́ àti Ìyọlẹ́nu Inú Ilé

Yorùbá mọ iṣẹ́ kí. Bí ènìyàn bá bá aláró nídìí ìkòkò aró, yóò ní, "Àrẹ̀dú o." Bí ó bá bá onídìrí lẹ́nu iṣẹ́, yóò ní, "Ojú gbooro o." Bí ó bá pàdé ọdẹ, yóò ní, "Àrìnpa o." Ṣùgbọ́n bí ó bá bá obìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tí ó mú kálámù lọ́wọ́, tí ó ń kọ ìtàn ọmọge kan àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, kí ni yóò fi kí i? Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ìyá Bọ́lá, ẹ ṣáà jókòó báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí, mo ń bọ̀." Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó jókòó kò ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà òǹkọ̀wé ìtàn ìfẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó mọ.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ dé Chawton, abúlé kan ní ẹkùn Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Jane Austen kó dé ní oṣù keje ọdún 1809, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 33. Kò ní ọkọ, kò sì bímọ. Baba rẹ̀, tí ó jẹ́ àlùfáà, ti kú ní 1805, arákùnrin rẹ̀ olówó kan tí ń jẹ́ Edward ni ó sì fún wọn ní ilé tí wọ́n kó sí. Obìnrin mẹ́rin ni ó ń gbé ibẹ̀: Jane, ìyá rẹ̀, Cassandra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Martha Lloyd tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn. Ẹ̀bá títì ni ilé náà wà, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin a sì máa sáré kọjá lẹ́bàá fèrèsé. Tábìlì tí Jane ń kọ̀wé lórí rẹ̀ kéré púpọ̀, igun 12 ni ó ní, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún ife tíì kan ṣoṣo.

Ìtàn kan wà nípa ilé yìí tí ó gbajúmọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn kan wà níbẹ̀ tí í máa han bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣí i. Nínú ilé mìíràn, epo díẹ̀ ni wọn ì bá fi sí i, ariwo ì bá sì tán. Jane ni kò gbà. Ó ní kí wọ́n fi ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé òun ni ó ń ta á lólobó. Bí ó bá ti han báyìí, Jane ti mọ̀ pé ènìyàn ń bọ̀, yóò sì yára fi nǹkan bo tákàdá kéékèèké tí ó ń kọ̀wé sí kí àlejò tàbí ọmọ-ọ̀dọ̀ má baà rí i. Ọmọ arákùnrin rẹ̀, James Edward Austen-Leigh, ni ó sọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìrántí tí ó kọ nípa rẹ̀, èyí tí ó jáde ní ìparí ọdún 1869. Ó ti lé ní 50 ọdún tí Jane ti kú nígbà náà, nítorí náà àwọn onímọ̀ kan wà tí wọn kò gba ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí gbọ́ tán. Wọn kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó ń rántí àǹtí rẹ̀ lẹ́yìn 50 ọdún lè bu iyọ̀ díẹ̀ sí ọ̀rọ̀.

Bí a bá tilẹ̀ yọ ti ilẹ̀kùn kúrò, ohun kan wà nínú ilé náà tí ó jọni lójú jù ú lọ, ìyẹn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà pín iṣẹ́. Oúnjẹ òwúrọ̀ ni ti Jane, ní aago mẹ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni kọ́kọ́rọ́ ibi tí tíì, ṣúgà àti wáìnì wà. Kí ó tó di àkókò oúnjẹ, yóò ti ta dùùrù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, Cassandra àti Martha ni ó ń bójú tó èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilé tí ó kù. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Láàárín ọdún 1801, nígbà tí ìdílé náà kó lọ sí ìlú Bath, sí ọdún 1809, ìwé kan tí Jane bẹ̀rẹ̀ kò parí. Láàárín 1811 sí 1815, ìwé mẹ́rin ni ó jáde, "Pride and Prejudice" sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní 1813. Orí kan náà ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé àwọn obìnrin méjì kan gbà pé iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Ẹ̀rí wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1816, Cassandra kò sí nílé. Àlejò wá, ìtọ́jú ilé sì bọ́ sí Jane lọ́rùn. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ó ya òun lẹ́nu bí òǹkọ̀wé kan, ìyáàfin West, ṣe ń rí ìwé kọ pẹ̀lú gbogbo ẹrù ìdílé rẹ̀. Ní tirẹ̀, kò rí bí ènìyàn ṣe lè kọ ìtàn nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹran àgùntàn àti oògùn ìwẹnú bá kún orí rẹ̀. Ẹ gbọ́ bí: òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé ń kà ni ẹran ọbẹ̀ dá dúró.

Owó náà kò tó nǹkan. 110 pọ́n-ùn ni ó ta "Pride and Prejudice" fún atẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ 150 ni ó fẹ́. Orúkọ rẹ̀ kò sì hàn lára ìwé tí ó kọ́kọ́ jáde; ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé obìnrin kan ni ó kọ ọ́.

Ẹni tí ó bá lówó lè fi owó ra ìdákẹ́jẹ́. Barbara Cartland, tí ó kú ní ọdún 2000 lẹ́ni ọdún 98, kọ ìwé tí ó lé ní 700, ìtàn ìfẹ́ sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ilé ńlá kan ní Hertfordshire, yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga gbọọrọ lọ́sàn-án, ajá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò máa sọ ìtàn, akọ̀wé yóò sì máa kọ ọ́. Àwọn kan a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n wá bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ìwé mélòó ni Cartland ì bá kọ bí ó bá jẹ́ pé òun ni yóò dáná ọ̀sán.

Ilé kẹta jìnnà sí èyí pátápátá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó wà. Èkó ni a bí Buchi Emecheta sí ní 1944, ará Ìbúsà ni àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó lọ sílé ọkọ. Ní 1962, ó bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ìkàwé, ó ń bímọ, ó ń wá yàrá tí wọn yóò gbé nígbà tí àwọn onílé kò fẹ́ ènìyàn dúdú. Láàárín gbogbo èyí, ó rí àyè kọ ìtàn ìfẹ́ kan tí ó pè ní "The Bride Price": ìtàn Aku-nna, ọmọdébìnrin tí baba rẹ̀ kú, àti Chike, olùkọ́ tí àwọn ará ìlú kò fẹ́ kí ó fẹ́ ẹ nítorí pé ìran ẹrú ni wọ́n ka ìdílé rẹ̀ sí.

Kì í ṣe ilẹ̀kùn ni ó han nínú ilé yìí. Ọkọ rẹ̀ ni ó ju ìwé náà sínú iná. Emecheta fi ọ̀rọ̀ náà sínú "Second-Class Citizen," ìwé tí ó fi ìgbésí ayé ara rẹ̀ kọ, níbi tí ọkọ Adah ti sọ pé inú àwọn ẹbí òun kò ní dùn láé bí ìyàwó òun bá ń kọ̀wé. Ọkùnrin náà mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kò fi bò ó mọ́lẹ̀ lásán.

Emecheta fi ilé ọkọ sílẹ̀ ní 1966. Ọmọ márùn-ún ni ó kù sí i lọ́rùn, òun fúnra rẹ̀ kò sì tíì ju ẹni ọdún 22 lọ. Ó wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ nípa àwùjọ, ó ń jí ní ìdájí láti kọ̀wé kí àwọn ọmọ tó jí, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1972. "Second-Class Citizen" tẹ̀ lé e ní 1974, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì fi í bu ọlá fún, tòun ti ariwo wọn. Ilé tí ọmọ márùn-ún wà kò nílò ilẹ̀kùn tí yóò máa ta ènìyàn lólobó.

Ní ti ìtàn Aku-nna, tákàdá ni iná jó. Ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì jáde ní 1976, bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí èyí àkọ́kọ́ di eérú.